Ẹ̀yin Bàbá Tí Ń Lo Oògùn Jẹjẹrẹ Prostate, Ẹ Gbọ́

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí jẹ́ èyí tí àwọn àgbà kì í fẹ́ sọ ní gbangba, ṣùgbọ́n nígbà tí ìtìjú bá ti ń pa ènìyàn, kò yẹ kí àwa àáfà dákẹ́. Àwọn bàbá tí dókítà ti rí jẹjẹrẹ prostate lára wọn, tí wọ́n sì ti fún ní oògùn tí wọn yóò máa lò fún ọdún púpọ̀, ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó rí oògùn gbà tán, tí ó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń lò ó nílé ni ó ń ba iṣẹ́ oògùn náà jẹ́.

Prostate yìí jẹ́ kókó kékeré kan lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, ó yí ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà jáde ká. Bí ó bá wú, bàbá a máa dìde tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóru, àwọn ará ilé a sì ní jẹ̀dí-jẹ̀dí ni, tàbí àtọ̀sí ìgbà èwe. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ìtọ̀ ń dà láàmú ni ó ní jẹjẹrẹ, ẹlòmíràn sì lè ní jẹjẹrẹ kí ìtọ̀ má yọ ọ́ lẹ́nu rárá. Àyẹ̀wò ni í sọ òtítọ́. Àwa ènìyàn dúdú ni ó sì ń mú jù. Ní Ìlú Ọba, ọkùnrin dúdú kan nínú mẹ́rin ni yóò ní in ní ọjọ́ ayé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó jẹ́ ẹnìkan nínú mẹ́jọ bí a bá ka gbogbo ọkùnrin ibẹ̀ pọ̀.

Ní ọdún 1941, dókítà kan tí ń jẹ́ Charles Huggins ní ìlú Chicago fi hàn pé èròjà tí ó ń mú ọkùnrin jẹ́ ọkùnrin, èyí tí wọ́n ń pè ní testosterone, ni ó ń bọ́ jẹjẹrẹ yìí. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ náà ní ọdún 1966. Láti ìgbà náà wá, ọ̀nà tí a ó fi gba oúnjẹ yìí lẹ́nu jẹjẹrẹ ni àwọn oníṣègùn ń wá. Ẹ fi wé koríko tí a kò bomi rin mọ́. Ó rọ ni, kò tíì kú. Bí omi bá padà dé, yóò tún hù. Nítorí náà ni n kò fi gba ti ẹni tí nọ́ńbà PSA rẹ̀ wálẹ̀, tí ara tù ú, tí ó wá ní òun ti yá, tí ó sì da oògùn nù láìwí fún ẹnikẹ́ni. Òtítọ́ ni pé dókítà lè dá abẹ́rẹ́ dúró fún ìgbà díẹ̀ fún àwọn kan, ṣùgbọ́n òun ni yóò máa fi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ṣọ́ ọ.

Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń lò jù ni goserelin. Abẹ́ awọ ikùn ni wọ́n ń gún un sí: èyí tí ó kéré ni ọjọ́ 28 lẹ́ẹ̀kan, èyí tí ó tóbi ni ọ̀sẹ̀ 12 lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yin oníṣòwò ni mo ń bá wí níhìn-ín. Bí ẹ bá fẹ́ lọ ná ọjà Kánò tàbí Kòtònú, ẹ wo ọjọ́ abẹ́rẹ́ kí ẹ tó di ẹrù, ẹ sì sọ fún ilé ìwòsàn, kí wọ́n bá yín tún ètò rẹ̀ ṣe. Ibi tí ẹ ń kọ ọjọ́ àjọ sí, ẹ kọ ọjọ́ abẹ́rẹ́ síbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ tún mọ̀ pé abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ a máa kọ́kọ́ ru testosterone sókè kí ó tó mú un wálẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí tí wọ́n fi ń fún ènìyàn ní hóró bicalutamide lò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ní ìbẹ̀rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fo hóró yìí. Bí ẹsẹ̀ bá sì ń rọ lójijì, tàbí tí ìtọ̀ dí pátápátá, ọjọ́ náà gan-an ni kí a gbé ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí jẹjẹrẹ lè ti fún okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn.

Èyí tí wọ́n ń ṣì lò jù ni abiraterone, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2011. Díẹ̀ nínú testosterone ṣì ń jáde láti ara kókó tí ó wà lórí kíndìnrín, àti láti ara jẹjẹrẹ náà fúnra rẹ̀; ìyẹn ni abiraterone ń dí. Kò rọ́pò abẹ́rẹ́, àfi fún ẹni tí wọ́n ti yọ kóró ẹpọ̀n rẹ̀. Ìwọ̀n tí a mọ̀ ni mílígíráàmù 1000 lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, èyí tí í ṣe hóró mẹ́rin bí ó bá jẹ́ ti 250. Inú òfìfo ni a fi ń lò ó: ó kéré tán, wákàtí méjì lẹ́yìn oúnjẹ, a kò sì ní jẹun títí wákàtí kan yóò fi kọjá. Omi lásán ni kí a fi gbé e mì, kí a má rún un. Àwọn kan a ní oògùn líle kò gbọdọ̀ bá inú òfìfo, wọn a fi ẹ̀kọ àti àkàrà tì í wọlé. Oúnjẹ ọlọ́ràá lè sọ oògùn tí ó wọ ẹ̀jẹ̀ di ìlọ́po mẹ́wàá! Èmi náà ń kọ hàntú fún àwọn aláìsàn, n kò sì bá a jà, ṣùgbọ́n bí oyin bá wà nínú hàntú, oúnjẹ ni, kí ó dúró di àsìkò oúnjẹ.

Wọ́n a máa fi prednisolone kún un, kí ẹ̀jẹ̀ má ba à ru, kí ẹsẹ̀ má sì wú. Oúnjẹ ni a fi ń lo ìyẹn ní tirẹ̀, a kì í sì í jáwọ́ nínú rẹ̀ lójijì. Bí ẹ bá gbàgbé oògùn lónìí, ẹ má ṣe lo ìlọ́po méjì lọ́la.

Nígbà Ràmàdáánì, wọ́n a bi mí bóyá abẹ́rẹ́ ń ba ààwẹ̀ jẹ́. Abẹ́rẹ́ tí kì í ṣe oúnjẹ kò bà á jẹ́. Àwọn onímọ̀ Fiqh àgbáyé tí wọ́n pàdé ní Jeddah ní ọdún 1997 sọ bẹ́ẹ̀. Ti abiraterone kò nira bí dókítà bá ti gbà pé ara lè gba ààwẹ̀. Ẹ ṣínu, ẹ jẹun tán kí aago mẹ́sàn-án alẹ́ tó lù. Ní aago mọ́kànlá ẹ lo oògùn, ẹ má jẹ nǹkankan títí di aago méjìlá, kí ẹ sì fi prednisolone sí oúnjẹ sààrì. Ṣùgbọ́n bí dókítà bá ní ara kò gbà á, ẹ jẹun. Ọlọ́hun ti fún aláìsàn ní ààyè nínú Súrà Bákárà, ẹni tí kò sì ní ìrètí àtisan án padà yóò máa bọ́ tálákà fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Agídí kì í ṣe ìbẹ̀rù Ọlọ́hun.

Mo fẹ́ sọ ti inú yàrá. Oògùn wọ̀nyí a máa pa ìfẹ́ obìnrin kú, ooru a máa ru sójú, ọmú a máa wú lára àwọn mìíràn, egungun a sì máa rọ díẹ̀díẹ̀. Nítorí ìtìjú yìí ni bàbá kan fi ń lọ ra oògùn ale lọ́wọ́ ẹni tí ń polówó nínú ọkọ̀, tàbí kí ó ní kí kẹ́mísìtì gún òun ní testosterone. Ẹni tí ó gba ìyẹn ń bomi rin koríko. Ẹ sọ fún dókítà, wọ́n ti gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ẹ̀yin ìyàwó, ẹ má fi bàbá ṣe ẹlẹ́yà. Oògùn ni, kì í ṣe pé ó ti rí òmíràn níta. Kí aboyún má fi ọwọ́ lásán kan hóró abiraterone, kí ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ṣì lè lóyún sì lo rọ́bà.

Ẹni tí ó ń lo oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, oògùn wárápá tàbí èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kí ó wí kí wọ́n tó fún un ní èyíkéyìí. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ tí a ń lo abiraterone, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni wọ́n ń yẹ ẹ̀dọ̀ wò, lẹ́yìn náà oṣooṣù. Bí ojú bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ata rodo tí ó pọ́n sí ìyẹ́yẹ̀, tí ìtọ̀ sì dúdú, ẹ má dúró de ọjọ́ àyẹ̀wò.

Ní ti owó, mo mọ àwọn tí ń fo ọjọ́ kí hóró lè pẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ sọ fún dókítà pé owó kò sí. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń yọ kóró ẹpọ̀n, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, iṣẹ́ kan náà ni ó ń ṣe pẹ̀lú abẹ́rẹ́. Kí àwọn ìgbìmọ̀ mọ́sáláṣí náà rántí pé aláìsàn tí kò ní lẹ́tọ̀ọ́ sí sàká. Kí a ra oògùn ní ilé oògùn tí ìjọba mọ̀, kí a wo nọ́ńbà NAFDAC lára páálí, kí a má sì fi í sílẹ̀ sínú oòrùn ìsọ̀. Ẹni tí ó ń lọ sí Hájì, kí ó kó oògùn rẹ̀ sínú báàgì ọwọ́ pẹ̀lú ìwé dókítà, kì í ṣe sínú ẹrù tí wọ́n ń gbà ní pápákọ̀ òfurufú.