Láti Owó Vanderbilt Dé Ọmọ Jádesími: Bí Àjèjì Ṣe Di Ìyàwó Ilé Ọlọ́lá Gẹ̀ẹ́sì

Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹfà ọdún 2013, Ceawlin Thynn gbé Emma McQuiston níyàwó ní Longleat, ní agbègbè Wiltshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ Ọládiípọ̀ Jádesími ni Emma, Yorùbá tó dá ilé iṣẹ́ LADOL sílẹ̀ ní èbúté Èkó láti máa ṣiṣẹ́ fún àwọn awapo. Nígbà tí bàbá ọkọ rẹ̀ papòdà ní oṣù kẹrin ọdún 2020, lásìkò àrùn Kòrónà, Ceawlin jogún oyè, Emma sì di Marchioness of Bath. Ṣáájú rẹ̀, obìnrin aláwọ̀ dúdú kankan kò jẹ oyè Marchioness rí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ìròyìn yìí dùn mọ́ Yorùbá nínú, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti la ọ̀nà tí obìnrin àjèjì ń gbà wọ irú ilé bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ olówó Amẹ́ríkà ló là á, owó ni wọ́n sì fi là á.

Ìṣákọ́lẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ará Modákẹ́kẹ́ kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ohun tó ń jẹ́ ìṣákọ́lẹ̀ fún un. Ohun tí àwọn ìjòyè Gẹ̀ẹ́sì náà ń jẹ nìyẹn: àgbẹ̀ ń dáko lórí ilẹ̀ wọn, ó sì ń sanwó fún wọn lọ́dọọdún. Láti nǹkan bí ọdún 1870 sókè, ọkọ̀ ojú irin àti ọkọ̀ ojú omi bẹ̀rẹ̀ sí í kó àlìkámà olówó pọ́ọ́kú wọlé láti Amẹ́ríkà. Iye ohun ọ̀gbìn já wálẹ̀, àgbẹ̀ kò rí owó san mọ́, gbèsè sì wọ ilé ọlọ́lá. Àkọ́bí ọkùnrin ló ń jogún ilẹ̀ àti oyè, àdéhùn ìdílé kò sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú wọn lè ta ilẹ̀ náà bó ṣe wù wọ́n.

Ní New York, òdìkejì ló ń ṣẹlẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin àti ilé ìfowópamọ́ ti sọ àwọn kan di olówó rẹpẹtẹ láàárín ìran kan, ṣùgbọ́n àwọn ìdílé àtijọ́ kò fẹ́ bá wọn jókòó sídìí tábìlì kan náà. Àwọn ìyá tí inú ń bí bá kọjú sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Níbẹ̀, oyè wà, owó ló kù.

Ní 1874, Jennie Jerome, ọ̀kan lára àwọn ọmọ olówó bẹ́ẹ̀, fẹ́ Lord Randolph Churchill ní Paris, lẹ́yìn tí àwọn ìdílé méjèèjì ti dúnàádúrà fún oṣù mélòó kan. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta pọ́n-ùn ni wọ́n fẹnu kò sí. Winston Churchill, tó ṣáájú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú ogun tí wọ́n bá Hitler jà, ni àkọ́bí wọn.

Ẹ kíyè sí i pé bàbá ìyàwó ló ń sanwó. Níbí, ẹbí ọkọ ló ń gbé ẹrù wá, tí alága ìdúró ń bẹ̀bẹ̀, tí alága ìjókòó ń béèrè. Ọ̀pọ̀ ẹbí ìyàwó sì ń dá owó orí padà lójú gbogbo èèyàn, wọ́n á ní àwọn kì í ta ọmọ.

Consuelo Vanderbilt ni ìtàn rẹ̀ dun ni jù. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni nígbà tí wọ́n fà á lé Duke of Marlborough lọ́wọ́ ní New York, ní ọjọ́ kẹfà oṣù kọkànlá ọdún 1895. Ìpín nínú ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, tí iye rẹ̀ tó mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ dọ́là, ni bàbá rẹ̀ gbé kalẹ̀. Wọ́n fi owó Vanderbilt tún Blenheim, ilé ìran ọkọ rẹ̀, ṣe. Ẹlòmíràn ni Consuelo fẹ́, ṣùgbọ́n Alva ìyá rẹ̀ kò gbà. Consuelo kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn ara rẹ̀ pé ẹkún lòun sun láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó náà. Àwa tí baba wa ti Ọ̀yọ́ wá mọ ẹkún ìyàwó dáadáa, ṣùgbọ́n ìdágbére ni tiwa. Ẹkún ẹni tí wọn kò bi léèrè ni ti Consuelo. Ní 1906, wọ́n pínyà. Ní 1921, wọ́n kọra sílẹ̀. Ní 1926, ilé ẹjọ́ Ìjọ Kátólíìkì ní Róòmù fagi lé ìgbéyàwó náà, lẹ́yìn tí Alva fúnra rẹ̀ jẹ́rìí pé òun ló fipá mú ọmọ.

Ọmọ Yorùbá kan ti rí irú rẹ̀ ṣáájú. Àìná, ọmọ Òkè-Ọ̀dàn tí ogun Dàhọ́mì kó lẹ́rú, ni Ọbabìnrin Victoria gbà tọ́ lábẹ́ orúkọ Sarah Forbes Bonetta. Ó kọ́kọ́ kọ̀ láti fẹ́ oníṣòwò James Davies, ó kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé òun kò nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ààfin ló ń bá a sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹjọ ọdún 1862, wọ́n so wọ́n pọ̀ ní Brighton.

Ti Emma yàtọ̀. Longleat ti wá ọ̀nà àtijẹ mìíràn kó tó débẹ̀: ní 1949, ìdílé Thynn ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó ń sanwó wòran, kí wọ́n lè rí owó orí ogún san; ní 1966, wọ́n kó kìnnìún wá sínú ọgbà. Kò sẹ́ni tó ń retí owó Jádesími. Ẹ̀gbọ́n Emma tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá ti fẹ́ Lady Silvy, àbúrò bàbá Ceawlin, nítorí náà àna ni wọ́n ti ń jẹ́ síra wọn. Àwọn méjèèjì ló yan ara wọn. Emma ti sọ pé àwọn kan fojú tẹ́ńbẹ́lú òun, pàápàá àwọn àgbà, síbẹ̀ ó dúró. John, ọmọkùnrin tó bí ní 2014, ni àrólé Longleat.

Ẹ̀yin òbí Modákẹ́kẹ́ àti Ifẹ̀, ẹ wádìí ìdílé, ẹ wo ìwà, ẹ gbàmọ̀ràn; ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gba igbá ìdána lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ bi ọmọ yín léèrè, kí ẹ sì gba ohun tó bá sọ.