Ẹ Gbọ́ Ná: Wọ́n Ń Díje Lórí Iṣẹ́ Bíríkìlà!

Ẹ̀yin òbí tí ẹ máa ń fajú ro bí ọmọ bá ní iṣẹ́ ọwọ́ lòun fẹ́ kọ́, ẹ gbọ́ o. Lọ́dún 1950, ní Madrid, olú ìlú Sípéènì, ọ̀dọ́ oníṣẹ́ ọwọ́ 24 láti Sípéènì àti Pọ́túgà bá ara wọn díje. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù o, iṣẹ́ ọwọ́ ni! Ìdíje yẹn ló di WorldSkills. Nígbà tí wọ́n ṣe é ní Lyon, nílẹ̀ Faransé, ní September 2024, àwọn tó díje lé ní 1,000. Bíríkìlà wà níbẹ̀, wẹ́dà wà níbẹ̀, títí kan àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì. Bíríkìlà á mọ ògiri bí àwòrán ṣe wí, adájọ́ á wá wọ̀n ọ́n. Bó bá wọ́ bíńtín báyìí, máàkì lọ nìyẹn.

Èmi gan-an, nígbà tí mo parí sẹ́kọ́ńdìrì, iṣẹ́ wẹ́dà ló wù mí. Bàbá mi fárígá, wọ́n ní ọmọ àwọn kọ́ ló máa fojú wo iná. Ọ̀rẹ́ mi tó lọ kọ́ ọ ti ní ṣọ́ọ̀bù, ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta ló wà lọ́dọ̀ ẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, òun náà ló ṣe géètì ilé wa. Bàbá sanwó, wọn ò sọ nǹkan kan.