Kí ẹ tó gbalé ní Ìkirè tàbí Àpòmù, ẹ lọ wo ibẹ̀ lálẹ́ ná!

Ẹ̀yin tí owó ilé ti lé yín débi pé ẹ fẹ́ kó kúrò n'Ìbàdàn, tó jẹ́ Ìkirè àti Àpòmù lẹ ń wò báyìí, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ohun tójú mi rí. Ìyàwó mi ló ríṣẹ́ tíṣà síbẹ̀. Ọmọ méjì la bí, èyí àbúrò ò tíì pé ọdún mẹ́ta. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ò ju ẹyọ kan lọ: bí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́ n'Ìbàdàn tí ilẹ̀ ṣú, ṣé wọ́n á sùn kí ọkàn wọn balẹ̀?

Ajẹ́ńtì kọ́kọ́ mú mi lọ síbi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́lé sí, lẹ́yìn Ìkirè, tí ò jìn sí títì márosẹ̀. Ilé náà rẹwà, n ò lè purọ́. Wọ́n ti kùn ún, táìsì wà nílẹ̀, géètì ńlá wà lẹ́nu ọ̀nà. Aago méjìlá ọ̀sán la débẹ̀, díẹ̀ ló sì kù kí n sanwó. Ìyàwó mi ló ní kí n padà lọ lálẹ́. Mo gun ọ̀kadà lọ ní aago mẹ́jọ. Ọlọ́kadà ò dé ẹnu géètì tó fi dúró, ó ní òun kì í wọ ibẹ̀ yẹn tílẹ̀ bá ti ṣú. Kí ni mo tún fẹ́ bi ajẹ́ńtì? Ilé mẹ́ta ló yí i ká, méjì ò tíì lórùlé, ẹni tó ni ìkẹta wà l'Ékòó. Béèyàn bá pariwo níbẹ̀, ta ló fẹ́ gbọ́?

Ó di Àpòmù, nínú ìlú àtijọ́ gan-an. Kí n tó dé ibi yàrá tí wọ́n ní ó ṣófo, ẹni mẹ́ta ti bi mí pé ta ni mò ń wá. Ìyá àgbà kan tó ń bó ẹ̀gúsí níwájú agboolé ò tiẹ̀ jẹ́ kí n kí òun tán.

"Ọmọ ta ni ọ́? Ta lo wá bá?"

Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ilé ni mò ń wá, mà."

Ó ní kí n jókòó. Ó bi mí ní ìlú mi, iṣẹ́ mi, ṣọ́ọ̀ṣì mi, ó tún bi mí bóyá ìyàwó mi a máa jà! Inú bí mi, ẹ jẹ́ n sòótọ́. Ìgbà tí mo délé ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi pé ohun tí mò ń wá kiri nìyẹn. Ẹni tó bá bi èmi báyẹn, á bi olè náà.

Ẹ má rò pé òní ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ àlejò l'Àpòmù. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1921, ó ní kí Awólẹ̀ tó di Aláàfin, ọjà Àpòmù ló ti ń ṣòwò, ibẹ̀ ló sì ti ta ọ̀rẹ́ ara rẹ̀ sóko ẹrú. Baálẹ̀ Àpòmù ní kí wọ́n lọ gba ọkùnrin náà padà, ó sì ní kí wọ́n na ọmọ ọba lẹ́gba. Nígbà tí Awólẹ̀ gorí ìtẹ́, wọ́n bi í pé ìlú wo ni kí wọ́n gbógun lọ, Àpòmù ló dárúkọ. Baálẹ̀ sá lọ sí Ifẹ̀, kò rí ẹni gbà á sílẹ̀, ló bá para rẹ̀, wọ́n gé orí rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ọ̀yọ́ kí ogun má baà ja ìlú. Lẹ́yìn ìgbà náà, jíjí èèyàn gbé lọ́jà yìí kan náà wà lára ohun tó dá ogun Òwu sílẹ̀, bí 200 ọdún sẹ́yìn.

Lónìí, títì Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ni wọ́n ti ń jí èèyàn gbé. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019, wọ́n gbé ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lójú ọ̀nà yẹn. Àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ẹ̀rù títì, ọ̀tọ̀ ni ẹ̀rù àdúgbò. Bẹ́ ẹ bá máa ń lọ tẹ́ ẹ máa ń bọ̀ bíi tèmi, ẹ rìn lójúmọmọ. Èmi kì í kúrò n'Ìbàdàn mọ́ tó bá ti ku díẹ̀ kílẹ̀ ṣú.

Ẹ má wulẹ̀ bi wọ́n pé "Ṣé ibí dáa?" Ta ló máa ní ìlú òun ò dáa? Ẹ bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n jalè níbí kẹ́yìn, ta ló jáde sí i, ta ló sì ń sanwó ọdẹ. Ẹ bi ìyá olóúnjẹ. Ẹ bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ UNIOSUN tó wà ní Ìkirè, wọ́n ti gbalé káàkiri. Ẹ bi wọ́n bóyá orò kan wà tó máa ń de obìnrin mọ́lé, kó má lọ bá ìyàwó yín lójijì.

Agboolé náà ní tiẹ̀ o. Ògiri amọ̀ ni, wáyà iná ti gbó, ìta ni ṣáláńgá wà, ilẹ̀kùn wa ò sì ní kọ́kọ́rọ́ gidi títí mo fi pààrọ̀ rẹ̀. Ìyàwó mi kùn fún oṣù méjì.

Lọ́jọ́ kan, mọ́tò bà jẹ́ lọ́nà, n ò délé títí di aago mọ́kànlá. Mo rọra kanlẹ̀kùn kí n má jí àwọn ọmọ. Kí ìyàwó mi tó dáhùn, ohùn ìyá yẹn ti jáde láti yàrá kejì: "Ta nìyẹn?"