Èdè Gẹ̀ẹ́sì Nínú Ìdánwò Àtiwọ Yunifásítì

Ọ̀ranyàn ni èdè Gẹ̀ẹ́sì fún gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ìdánwò JAMB, èyí tí a fi ń wọ Yunifásítì ní Nàìjíríà. Nínú 400 máàkì, 100 jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, ẹni tí ó mọ ìṣirò dunjú pàápàá lè pàdánù àyè rẹ̀ bí ó bá fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Ibi tí ọmọ Yorùbá ti sábà ń ṣìṣe kò fara sin. Nínú èdè Yorùbá, “mo ń lọ” àti “mo lọ lánàá” kò yí “lọ” padà. Ṣùgbọ́n “go” a máa di “went”. “Ìwé” kan náà ni ìwé méjì. Ṣùgbọ́n “book” a máa di “books”. “Ó” kan náà ni fún ọkùnrin àti obìnrin. Gẹ̀ẹ́sì pín in sí “he” àti “she”.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ máa kọ ọ̀rọ̀ titun 5 sílẹ̀ lójoojúmọ́, kí ó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe gbólóhùn, kí ó sì máa dáhùn ìbéèrè ọdún àtẹ̀yìnwá pẹ̀lú aago níwájú rẹ̀. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.