Bí Wọ́n Bá Kọ̀wé Pé Owó Náà Kò Tọ́ Sí Yín

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa, ẹ ti kọ́ bí a ti ń kọ orúkọ ẹni. Ẹ ti mọ bí a ti ń ka ọjọ́ àti oṣù, ẹ sì ti ń ka lẹ́tà tí ọmọ kọ ránṣẹ́ sílé. Lónìí ẹ jẹ́ kí a ka irú lẹ́tà mìíràn, èyí tí kò dùn mọ́ni. Lẹ́tà náà ni èyí tí ó máa ń dé ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ tí ó fara pa lẹ́nu iṣẹ́, tí ó béèrè owó gbà-má-bínú, tí wọ́n sì dá a lóhùn pé owó náà kò tọ́ sí i. Ẹlòmíràn a ká lẹ́tà bẹ́ẹ̀, a fi í sábẹ́ ìrọ̀rí, a ní, "Ìjọba ti sọ̀rọ̀, ó parí." Kò tíì parí o. Òfin fún yín láyè láti sọ pé ìdájọ́ náà kò tẹ́ yín lọ́rùn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ irú owó tí à ń sọ. Òfin Nàìjíríà kò ní kí ìjọba àpapọ̀ máa san owó oṣooṣù fún gbogbo aláàbọ̀ ara, bí wọ́n ti ń ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òfin kan wà tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní January 2019, tí ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ojú ẹ̀tẹ́ wo aláàbọ̀ ara níbi iṣẹ́ tàbí nínú ọkọ̀ èrò. Òfin rere ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe òfin owó oṣù. Owó tí à ń sọ níhìn-ín jẹ́ ti ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe é ní jàǹbá: ẹni tí ẹ̀rọ gé lọ́wọ́, tí òkúta já lù, tí eruku tàbí oògùn ibi iṣẹ́ sọ di aláìsàn.

Irú òfin yìí ti pẹ́ láyé. Àwọn ará Jámánì ṣe tiwọn ní 1884, àwọn Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀lé e ní 1897, ìjọba amúnisìn sì ṣe ti Nàìjíríà ní 1941. Nínú òfin àtijọ́ yẹn, àti nínú èyí tí ó rọ́pò rẹ̀ ní 1987, ọ̀gá ni òṣìṣẹ́ ń dojú kọ fún owó. Bí ọ̀gá bá lówó, tí ó sì lójú àánú, ó dára. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, àròyé lásán ni. Ní December 2010, Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin mìíràn, òun ni a sì ń lò títí di òní. Òfin yìí ní kí gbogbo ọ̀gá máa dá owó sínú àpò kan: náírà 1 nínú gbogbo náírà 100 tí ó ń san fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Àjọ NSITF ni ó ń tọ́jú àpò náà. Òṣìṣẹ́ kì í dá kọ́bọ̀ sí i. Bí ọ̀gá kan bá yọ ọ́ nínú owó oṣù yín, ó rú òfin.

Láti inú àpò yìí ni wọ́n ti ń san owó ìwòsàn, tí wọ́n sì ń ra ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ àtọwọ́dá fún ẹni tí ó pàdánù tirẹ̀. Bí ènìyàn bá di ẹni tí kò lè ṣiṣẹ́ kankan mọ́ títí ayé, òfin ní kí wọ́n máa san náírà 90 fún un nínú gbogbo náírà 100 tí ó ń gbà tẹ́lẹ̀. Ẹ mú yẹ́nsù kí ẹ ṣe ìṣirò kékeré kan: ẹni tí owó oṣù rẹ̀ jẹ́ 80,000 náírà yóò máa gba 72,000 náírà lóṣooṣù. Ìyẹn kì í ṣe owó àánú, ẹ̀tọ́ ni. Bí òṣìṣẹ́ bá kú, aya tàbí ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ ni owó tọ́ sí.

Ta ni òṣìṣẹ́? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Ní agbègbè wa ní Yewa, àgbẹ̀, oníṣòwò àti awakọ̀ ló pọ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹ̀rọ ti wọlé tọ̀ wá. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ńlá kan bẹ̀rẹ̀ ní Ìbéṣè ní 2012. Àwọn tí ń fọ́ òkúta wà, àwọn tí ń fi ẹ̀rọ la igi wà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì ní ìwé ìgbanisíṣẹ́ kankan. Lébìrà ni wọ́n ń pe ara wọn, wọ́n á ní, "Àwa kì í ṣe sítáàfù." Òfin kò wí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a fi ẹnu lásán gbà síṣẹ́, ẹni tí a ń san owó ojúmọ́ fún, ọmọ iṣẹ́, títí kan ọmọ ọ̀dọ̀ tí kì í ṣe ẹbí ọ̀gá rẹ̀, òṣìṣẹ́ ni gbogbo wọn. Kódà bí ọkọ̀ bá gbá òṣìṣẹ́ lójú ọ̀nà láti ilé rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, òfin kà á mọ́ jàǹbá ẹnu iṣẹ́.

Òfin ní kí òṣìṣẹ́ tí ó fara pa sọ fún ọ̀gá tàbí fún ẹni tí ń bojú tó iṣẹ́ láàárín ọjọ́ 14. Ọ̀gá ní ọjọ́ 7 láti fi tó àjọ náà létí. Òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ ọ̀rọ̀ kún fọ́ọ̀mù kí ọdún kan tó pé. A máa ń sọ fún àwọn tí ó wá sí kíláàsì wa pé kí wọ́n má fi ẹnu lásán sọ ọ́. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ sì ní ẹ̀dà kan lọ́wọ́. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Wàyí o, ká sọ pé ẹ ti ṣe gbogbo èyí, lẹ́tà sì dé pé rárá. Kí ni kí ẹ ṣe? Ẹ ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ wá ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́, nítorí àkókò tí òfin fi sílẹ̀ fún ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kò pọ̀, ọjọ́ kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ìdí tí wọ́n fi kọ̀. Ìdí náà ṣe pàtàkì ju ọ̀rọ̀ "rárá" lọ, nítorí ìdí yẹn gan-an ni ẹ máa dá lóhùn. Ẹni tí ó bá ń ké pé òtòṣì ni òun, nígbà tí lẹ́tà ń sọ pé ìwé dókítà kò kún, kò dáhùn ìbéèrè.

Ká mú ọkùnrin kan bí àpẹẹrẹ. Ẹ̀rọ ìlagi fọ́ ọ lẹ́sẹ̀, lẹ́tà sì sọ pé kò sí ẹ̀rí pé òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ni. Ó gba ọ̀dọ̀ lọ́yà lọ. Lọ́yà kò bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, ìbéèrè ni ó ń bi í. Ta ni ń san owó fún ọ? Ṣé ó ń kọ ọ́ sínú ìwé? Ṣé wọ́n máa ń fi owó ránṣẹ́ sí báńkì rẹ? Ta ni ẹ jọ ń gbé pákó? Ta ló gbé ọ dé ilé ìwòsàn, kí ni ó sì sọ fún nọ́ọ̀sì nípa ibi tí jàǹbá ti ṣẹlẹ̀? Wò ó, ìwé pélébé tí nọ́ọ̀sì kọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, pé "ẹ̀rọ ló fọ́ ọ lẹ́sẹ̀ níbi iṣẹ́", lè wúwo ju ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí mẹ́ta lọ, nítorí kò sí ẹni tí ó ń ronú ẹjọ́ nígbà náà. Lọ́yà á kó gbogbo rẹ̀ jọ, á kọ ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́rìí sílẹ̀, á sì mú wọn lọ búra sí i ní kóòtù.

Nígbà mìíràn, wọ́n gbà pé òṣìṣẹ́ ni yín, ṣùgbọ́n wọ́n ní ìpalára náà kò tó nǹkan. Òfin ní àkọsílẹ̀ tí ó fi ìwọ̀n sí ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan, láti orí ìka títí dé ojú. Ọ̀rọ̀ dókítà ni ó máa yanjú èyí. Ẹ padà lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba, bóyá ní Ìlaró tàbí Ayétòrò, kí dókítà kọ ohun tí ẹ kò lè ṣe mọ́ sílẹ̀ kínníkínní: bí ẹ ṣe lè dúró pẹ́ tó, ẹrù tí ẹ lè gbé. "Ẹsẹ̀ ń dùn ún" kò tó. Bí ìdí tí wọ́n fi kọ̀ bá sì jẹ́ pé ọ̀gá kò dá owó tirẹ̀ sínú àpò, ẹ má gba ẹ̀bi náà sọ́rùn. Ọ̀gá ni òfin di ẹrù yẹn lé lórí, iṣẹ́ lọ́yà sì ni láti sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó ń dùn wá. Ọ̀gá mìíràn á mú owó díẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, pẹ̀lú ìwé kan: "Tẹ ìka síbí." Ohun tí ó wà nínú ìwé náà ni pé òṣìṣẹ́ kò ní béèrè ohunkóhun mọ́. Òfin kò ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí, òṣìṣẹ́ kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ta ẹ̀tọ́ yìí nù. Nítorí náà ẹni tí ó ti tẹ̀ka, kí ó má bẹ̀rù, kí ó sọ ọ́ fún lọ́yà.

Ẹ ó wí pé, "Níbo la ti fẹ́ rí owó lọ́yà?" Ìjọba àpapọ̀ dá àjọ kan sílẹ̀ ní 1976, Legal Aid Council, tí ó ń fún ẹni tí kò lówó ní lọ́yà lọ́fẹ̀ẹ́. Òfin 2011 ni wọ́n ń lò báyìí, ẹjọ́ jàǹbá ẹnu iṣẹ́ sì wà nínú ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹni tí owó tí ń wọlé fún un kò ju owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba là sílẹ̀ ni wọ́n ń gbà. 70,000 náírà ni òfin 2024 fi í sí. Ọ́fíìsì wọn wà ní Abẹ́òkúta. Bí ẹ bá sì lè san owó lọ́yà fúnra yín, ẹ bá a ṣe àdéhùn sínú ìwé, kí ẹ gba rìsíìtì. Lọ́yà tòótọ́ ní òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Àwọn tí ń dúró lẹ́nu ọ̀nà kóòtù, tí wọ́n ní àwọn á "bá yín rí ọ̀gá", ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọjá lára wọn.

Ọ̀dọ̀ àjọ NSITF fúnra rẹ̀ ni ẹjọ́ náà á kọ́kọ́ padà sí, kí wọ́n tún un wò. Bí wọ́n bá tún kọ̀, Ilé Ẹjọ́ Àwọn Òṣìṣẹ́, National Industrial Court, ló kàn. Àtúnṣe òfin ilẹ̀ wa tí ó di òfin ní 2011 ni ó fi irú ẹjọ́ yìí lé e lọ́wọ́. Wọ́n ń jókòó ní Èkó àti Ìbàdàn àti àwọn ìlú mìíràn, lọ́yà á sọ ibi tí ó yẹ fún yín. Ó lè pẹ́ o. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀sẹ̀ méjì tàn yín.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọdá lọ ṣiṣẹ́ ní Pobè tàbí Kétu, tí ẹ sì fara pa lọ́hùn-ún, ọ̀dọ̀ àjọ CNSS ti ilẹ̀ Benin ni kí ẹ béèrè. NSITF kò ní ọwọ́ nínú ìyẹn.

Bí ẹ kò bá tíì rí lọ́yà, tí ọjọ́ sì ń lọ, ẹ kọ lẹ́tà kékeré yìí ránṣẹ́ ná, kí ẹ ní kí ẹni tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì bá yín túmọ̀ rẹ̀:

"Mo rí lẹ́tà yín tí ẹ kọ ní ọjọ́ báyìí, oṣù báyìí, ọdún báyìí. Nọ́ńbà fáìlì mi nìyí. N kò fara mọ́ ìdájọ́ yín. Mo ń bẹ̀ yín kí ẹ tún ọ̀rọ̀ mi wò. Èmi àti lọ́yà mi yóò kó ẹ̀rí wá. Èmi ni, lágbájá."

Ẹ kọ orúkọ yín síbi tí a kọ lágbájá sí, kí ẹ fọwọ́ sí i. Nígbà tí ẹ bá mú un dé ọ́fíìsì wọn, ẹ mú ẹ̀dà kejì dání, kí akọ̀wé ibẹ̀ lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sí i, kí ẹ tó padà sílé.