Iná Wo Ni Ká Rà Fún Èèhù Inú Ilé?



Lọ́dọọdún, bó bá ti di oṣù kejì, ìbéèrè kan náà ni à ń gbọ́ ní ìpàdé wa ní London níbí: irú iná wo ni ká fi tọ́ èèhù ata rodo àti tòmátì nínú ilé, kí òtútù tó lọ? Ọ̀rọ̀ yìí kan àpò wa, nítorí àwọn kan nínú wa ń ta èèhù wọn lóṣù karùn-ún.

Lọ́dún tó kọjá, ojú fèrèsé ni ọ̀pọ̀ wa gbé tiwọn sí. Ó hù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ga tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, ó sì wó lulẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ni kò tó. Àwọn mìíràn lọ ra iná aláwọ̀ àlùkò olówó ńlá. Bẹ́ẹ̀ iná funfun lásán, irú ti ṣọ́ọ̀bù àti gáréèjì, ti tó fún èèhù.

Gílóòbù gígùn ẹlẹ́sẹ̀ bàtà mẹ́rin ni kí ẹ rà. Ẹ wo ara páálí rẹ̀: 4000K tàbí 6500K ni kí ẹ mú. 2700K, tó pọ́n bí iná pálọ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Oríṣi méjì ló wà: fluorescent àti LED. Láti 2024, wọn kò gbà kí wọ́n kó fluorescent T8 àti T5 tuntun wọ ọjà ní Britain mọ́, àfi àṣẹ́kù tó wà nílẹ̀. Àṣẹ́kù yìí lè pọ́ọ́kú, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò. Fluorescent méjì tó jẹ́ wáàtì 36 níkọ̀ọ̀kan, tí a tàn fún wákàtí 16 lójúmọ́ fún ọgọ́ta ọjọ́, yóò jẹ yúníìtì bíi 69. LED méjì oníwáàtì 18 yóò jẹ bíi 35 péré. Ẹni tó bá ń tan mẹ́wàá, kó ṣírò tirẹ̀ wò! Nítorí náà, ẹni tí yóò ra tuntun, LED ni kó rà, kó sì rà á tòun ti ilé rẹ̀, nítorí kì í ṣe gbogbo LED ló bá ilé fluorescent àtijọ́ mu.

Ẹni tó ti ní fluorescent nílé, kó lò ó tán. Bí ẹnu rẹ̀ bá ti dúdú, agbára rẹ̀ ti ń tán nìyẹn. Ẹ má fọ́ ọ, ẹ má sì jù ú sí ààtàn ilé, nítorí mẹ́kúrì olóró wà nínú rẹ̀. Ibi tí káńsù ń gbà á ni kí ẹ gbé e lọ.

Ohun kan tó ju owó lọ: ẹ má so iná mọ́ àjà. Ṣéènì ni kí ẹ fi so ó, kó jìnnà sí orí ewé ní ínṣì méjì sí mẹ́ta, kí ẹ máa fà á sókè bí èèhù ti ń ga. Lálẹ́, ẹ pa á fún wákàtí mẹ́jọ.

Ẹni tó bá fẹ́ rà, kó fún akọ̀wé lórúkọ kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó dé. Bí a bá dáwó jọ ra á ní páálí-páálí, a ó rí ẹ̀dínwó gbà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ire o.