Kí Ẹ Tó Ra Ọkọ̀ Àlòkù fún Kíkó Kẹ̀kẹ́ àti Alùpùpù

Ìwé ìlàlóye fún oníṣòwò, oníṣẹ́ ọwọ́ àti ẹgbẹ́ àwọn agunkẹ̀kẹ́

Ìwé yìí wà fún ẹni tó ń ta kẹ̀kẹ́ ológeere tàbí alùpùpù, ẹni tó ń tún wọn ṣe, ẹgbẹ́ tó ń gun kẹ̀kẹ́ fún eré ìdárayá, àti ẹnikẹ́ni tí owó rẹ̀ kò ká ọkọ̀ tuntun ṣùgbọ́n tó ní irú ẹrù bẹ́ẹ̀ láti kó. A kò ní kí ẹ ra irú ọkọ̀ kan pàtó. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ẹ mọ ẹrù yín, kí ẹ yẹ ara ọkọ̀ wò, kí ẹ sì rí ìwé rẹ̀, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

1. Ẹ wọn ẹrù yín ná

Kẹ̀kẹ́ ológeere kan gùn tó nǹkan bíi mítà 1.8, ọ̀pọ̀ wọn kò sì ju kílò 20 lọ. Alùpùpù bíi Bajaj Boxer gùn tó nǹkan bíi mítà 2, ó sì ju kílò 100 lọ. Bó bá jẹ́ kẹ̀kẹ́ lẹ ń kó, àyè ni yóò kọ́kọ́ tán nínú ọkọ̀. Bó bá jẹ́ alùpùpù, agbára ọkọ̀ ni yóò kọ́kọ́ tán, àyè ì báà ṣẹ́ kù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ 15 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó kílò 16 jẹ́ kílò 240 péré. Alùpùpù 8 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó kílò 115 jẹ́ kílò 920. Bí awakọ̀ àti ọmọ iṣẹ́ kan bá tún jókòó síwájú, ó ti ju tọ́ọ̀nù kan lọ. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún tọ́ọ̀nù kan ti ru ju agbára rẹ̀ lọ nìyẹn, kí ojú tó rí i pé ó kún. Ìwọ̀n tí ọkọ̀ lè gbé sábà máa ń wà lórí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó ilẹ̀kùn awakọ̀. Ẹ kà á.

Ẹ mú téèpù dání lọ síbi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀. Ẹ wọn gígùn ilẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀, kí ẹ wọn fífẹ̀ àti gíga ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pẹ̀lú. Inú ọkọ̀ lè ga dáadáa kí ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ kúrú. Ẹnu ilẹ̀kùn yẹn ni ọwọ́ alùpùpù ti máa ń há.

2. Irú ọkọ̀ tó wà lọ́jà

Toyota Sienna: Ó dára fún kẹ̀kẹ́ díẹ̀. Nínú èyí tí wọ́n ṣe láàárín 2004 sí 2010, àga ẹ̀yìn pátápátá ń wọlẹ̀, ti àárín sì ṣeé yọ. Ẹ̀yà ara rẹ̀ pọ̀ lọ́jà, mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n kò sì wọ́n. Èyí tó ní ẹ́ńjìnnì lítà 3.3, títí dé 2006, ń lo táímìn-bẹ́líìtì tó ní àsìkò pípààrọ̀. Èyí tó ní lítà 3.5, láti 2007, ń lo ṣéènì. Kò bójú mu láti sọ Sienna di ọkọ̀ akóalùpùpù.

Bọ́ọ̀sì Toyota Hiace, Mitsubishi L300 tàbí Volkswagen Transporter: Ibí ni oníṣòwò sábà ń já sí. Èyí tí kò ní fèrèsé lẹ́yìn ni kí ẹ wá, torí ẹrù kò ní hàn sóde. Bó bá jẹ́ pé ọkọ̀ èrò ni tẹ́lẹ̀, ẹ wo ojú ihò ibi tí wọ́n ti tú àga kúrò, bóyá ìpẹtà ti ń jẹ ilẹ̀ ọkọ̀.

Píkọ̀ọ̀pù: Ó rọrùn láti gbé alùpùpù sí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn píkọ̀ọ̀pù tó ní ilẹ̀kùn mẹ́rin, bíi Hilux, kò ju nǹkan bíi mítà 1.5 lọ. Alùpùpù mítà 2 yóò yọ síta, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kò sì ní lè pa dé. Èyí tó ní ilẹ̀kùn méjì, bíi Peugeot 504 àtijọ́, ló gùn lẹ́yìn.

Kòròpé: Ó ń fi epo pamọ́, ó sì wúlò fún kẹ̀kẹ́ díẹ̀ láàárín ìlú. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kéré; ẹ má fi ṣe ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn pẹ̀lú ẹrù wúwo.

3. Ẹ yẹ ọkọ̀ wò, ẹ má wo ọ̀dà nìkan

Ẹ lọ ní òwúrọ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, kí ẹ sì mú mẹkáníìkì tiyín dání. Mẹkáníìkì ẹni tó ń tà kọ́ ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò fún yín.

• Ìsàlẹ̀ ọkọ̀: Ọkọ̀ tó ti ilẹ̀ òtútù bọ̀ ti lè rìn lórí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà yìnyín, iyọ̀ yìí sì máa ń jẹ irin. Ní ọdún 2010, Toyota pe ọ̀pọ̀lọpọ̀ Sienna tí wọ́n ṣe láàárín 1998 sí 2010 padà ní Amẹ́ríkà, torí pé ìpẹtà lè já wáyà tó gbé táyà àpọ́jù dúró lábẹ́ ọkọ̀. Ẹ tan iná sí ìsàlẹ̀. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ún ní ọ̀dà dúdú, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fi bò.

• Àmì omíyalé: Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè. Ẹrẹ̀ gbígbẹ lábẹ́ rẹ̀, ìpẹtà lára bóòtù àga, tàbí ooru omi nínú iná ọkọ̀ jẹ́ ìdí láti fura.

• Èéfín: Èyí tó ní àwọ̀ búlúù túmọ̀ sí pé ẹ́ńjìnnì ń jó ọ́ìlì. Èyí tó funfun tí kò sì dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná lè jẹ́ omi tó ń wọ inú ẹ́ńjìnnì. Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì. Bí nǹkan funfun bíi wàrà bá wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ máa lọ.

• Ibi ìdarí ọkọ̀: Láti ọjọ́ 2 Oṣù Kẹrin, 1972, apá ọ̀tún ọ̀nà ni a ti ń wa ọkọ̀ ní Nàìjíríà. Ọkọ̀ tó ti Bìrìtìkó tàbí Jàpáánù bọ̀ lè jẹ́ èyí tí wọ́n ti gbé sìtíárìn rẹ̀ láti ọ̀tún sí òsì. Bí wọn kò bá ṣe é dáadáa, ewu ni. Ẹ wo dáàṣíbọọ̀dù àti ẹsẹ̀ bíréèkì bóyá wọ́n ti jó wọn pọ̀.

• Táyà: Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn àmì DOT lára táyà ló ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Táyà tó ti gbó kò yẹ fún ẹrù, ì báà ṣì ní ojú.

• Ìdánwò: Ẹ wà á gun òkè, kí ẹ tẹ bíréèkì lójú ọ̀nà tó dá. Bí jíà bá ń já tàbí tó ń pẹ́ kó tó wọlé, owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

4. Ìwé ọkọ̀

Nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ sábà máa ń jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17. Ó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, ó wà ní òpó ilẹ̀kùn, ó sì sábà máa ń wà lára irin ọkọ̀. Gbogbo wọn gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu, kí wọ́n sì bá ìwé mu. Lẹ́tà I, O àti Q kì í sí nínú rẹ̀; bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú wọn, ayédèrú ni.

Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ bèèrè ìwé owó Kọ́sítọ̀mù. Láti Oṣù Kìn-ín-ní 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fi òfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé. Ọkọ̀ tó gba Sẹ̀mẹ̀ tàbí Ìdí-Ìrókò wọlé láìní ìwé lè bọ́ sọ́wọ́ Kọ́sítọ̀mù lójú ọ̀nà, ẹni tó rà á ni yóò sì pàdánù. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ti lò ní Nàìjíríà, ẹ gba ìwé ẹ̀rí ẹni tó ni ín àti rìsíìtì, kí ẹ sì yí orúkọ padà láìjáfara. Bí ẹ ó bá máa fi kó ẹrù fún owó, nọ́ńbà ọkọ̀ alágbàṣe, èyí tí wọ́n fi pupa kọ, ni kí ẹ gbà.

5. Owó tó wà lẹ́yìn owó ọkọ̀

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹ má fi gbogbo owó ra ọkọ̀. Ẹ ya ó kéré tán ìdá kan nínú márùn-ún sọ́tọ̀ fún táyà, bíréèkì, ọ́ìlì, bátìrì àti ìwé. Láti ọdún 2023, inṣọ́ránsì tó kéré jù lọ fún ọkọ̀ aládàáni jẹ́ ₦15,000. Ti ọkọ̀ akẹ́rù ju bẹ́ẹ̀ lọ.

6. Nígbà tí ẹ bá ń kó ẹrù

• Ẹ gbé alùpùpù dúró ṣánṣán. Ẹ má tẹ́ ẹ sílẹ̀, torí epo yóò máa jò.
• Ẹ pa ibi tí epo ti ń lọ sínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mu sìgá nínú ọkọ̀.
• Ẹ fi okùn pẹlẹbẹ tó ní irin ìfàle dì í ní iwájú àti ẹ̀yìn. Okùn lásán ń tú lójú ihò.
• Ẹ fi páálí tàbí aṣọ sáàárín kẹ̀kẹ́ kan àti èkejì.
• Ènìyàn kò gbọ́dọ̀ jókòó láàárín ẹrù.
• Ní Èkó, láti ọjọ́ 1 Oṣù Kẹfà, 2022, wọ́n fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkẹjà, Sùúrùlérè, Etí-Ọ̀sà, Àpápá, Erékùṣù Èkó àti Lagos Mainland. Bí ẹ bá ra alùpùpù níbẹ̀, ẹ gbé e sínú ọkọ̀, kí rìsíìtì rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ awakọ̀.

Ẹ rántí: bí ẹni tó ń tà kò bá gbà kí mẹkáníìkì yín yẹ ọkọ̀ wò, tàbí tó ní ìwé ń bọ̀ lọ́la, ẹ má san kọ́bọ̀. Ọkọ̀ mìíràn wà lọ́jà.